Edé Tútù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣèlérí

Edé gbígbẹ la mọ̀ ní Àkókó. Èyí tí à ń gún, tí à ń bù sínú ẹ̀fọ́, tó máa ń rùn kan gbogbo ilé ìdáná bí a bá gbàgbé láti dé ike rẹ̀. Edé tútù, tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, tó ranjú mọ́ èèyàn, ohun àwọn ará etí òkun ni. Mo ti di ẹni tó ń fi awò ojú kàwé kí n tó fọwọ́ kan án. Ìyá mi ni mo sè é fún, nínú ọyẹ́, ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú. N kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, n ò sì ní í díbọ́n pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú ọ̀rọ̀ edé wọ ilé wa. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ kí ó tó gba Jàmáíkà lọ, nítorí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìwà àwa méjèèjì kò jọra: èmi máa ń bínú, òun máa ń rẹ́rìn-ín. Kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wasáàpù, ohùn ló máa ń gbà sílẹ̀, ìgbà tó bá sì ń dáná ló máa ń ráyè. Èèyàn á máa gbọ́ ọ̀bẹ lórí pátákó, omi á máa ṣàn, ìkòkò á dún gbì, òun á sì máa rojọ́ lọ. Edé aláta tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún ló gbà á lọ́kàn jù. Ó ní ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á, nínú ọ̀rá, ó máa ń pupa bí ẹ̀jẹ̀, ata rẹ̀ sì máa ń mú kí imú ọlọ́pàá máa ṣomi. Òun náà wá ń sè é nílé. Ó máa ń fi ata rodo, áyù, ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, á bò ó mọ́lẹ̀ kí ó mu dáadáa, kí ó tó dà á sórí iná.

"Kérésì tí mo bá wálé," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "kò sẹ́ni tó máa wọ ilé ìdáná o. Èmi ni n ó sè é fún ìyá mi. Ata á mú un, á bú mi, inú mi á dùn."

Ìyá wa, tó ń dá gbé ilé bàbá wa ní Ọ̀kà, máa ń gbọ́ ohùn yìí lórí fóònù mi bí mo bá lọ kí i lópin ọ̀sẹ̀. Á ní, "Kó gbé e wá. A ó wo ẹni tí ata ó mú." Á wá ní kí n tún un tẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìkíni, nítorí òun ló tú àṣírí wa. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ilé ìyá mi tí kò kí i pé, "Ẹ kú ojú lọ́nà o." Àwọn tó ń re oko kí i bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kí i bẹ́ẹ̀. Alhaji tó ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì títì kí i bẹ́ẹ̀, á tún fi ìn ṣáà Allah sí i. Ìyàwó ilé kejì, ọmọ Ẹ̀pìnmì tí wọ́n fẹ́ wá sí Ọ̀kà, kì í tilẹ̀ kí ẹ káàárọ̀ kó tó kí ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyá mi á dáhùn pé, "Àmín, a ó jọ rí i ni." Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkíni yìí ló ń jẹ, tó fi ń sanra.

Inú òjò ni ìpè wá. Mo wà ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkàrẹ́, àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Obìnrin kan tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ ló pè, ẹkún kò jẹ́ kí n tètè gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ kò sì mọ́ bá a. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo padà sínú kíláàsì, mo gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ wọn, n kò mọ ohun tó gbé mi délé.

Àwọn àgbà ẹbí jókòó ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá àgbà. Nígbà tí wọ́n dìde, ohun méjì ni wọ́n fẹnu kò sí. Wọ́n ní kí wọ́n sin ín síbi tó kú sí, nítorí ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí òbí fojú kan sàárè ọmọ tó bí. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u fún ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò le, bó bá gbọ́, òkú á di méjì. Àánú ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò wá máa purọ́ fún un, ta ni yóò máa wò ó lójú?

Bàbá àgbà wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ."

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ irọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní ọmọ òun kò pè, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Ó tún béèrè, mo ní ìjì jà, ó wó òpó fóònù. Ó tún béèrè, mo ní wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan tí iná kò sí. Kò pẹ́ tí kò béèrè mọ́. Ó kàn máa ń wí pé, "Hẹn," á sì yí ojú sí òkè tó wà lẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn náà ni kò jẹun mọ́. Bí mo bá gbé iyán sílẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní ó dùn, á gbé e tì. Ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀. Òkèlè tó jẹ kò tó ohun tí ẹyẹ lè jẹ. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ kìlọ̀ fún mi pé oògùn tó ń lò kò ṣeé lò sínú òfìfo, pé bí kò bá jẹun, ara rẹ̀ á kọ̀. Bùbá rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ. Bí mo bá ń wẹ ẹ̀yìn fún un, mò ń ka egungun. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé irọ́ tí a ní kó gbà á là ni yóò pa á, pé n ó sìnkú méjì lọ́dún kan, n ó sì gbá ilé náà tì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ìkàrẹ́, ó pè mí. Yorùbá Ọ̀kà ni ìyá mi ń sọ, "kà mi" ló ń pe "fún mi", kò ka ti ilé ìwé sí.

"Edé tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí, tí ó ní òun ó sè kà mi. Ùwọ sè é kà mi."

Mo ní, "Ẹ ó jẹ ẹ́, Mà?"

"Mo ó jẹ ẹ́."

Bí ẹní gbé ẹrù kúrò lórí mi ni. Kò tọrọ oúnjẹ kankan láti ìgbà òjò.

Obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Ìkàrẹ́ mọ̀ mí, mo kọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo ní edé tútù, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ilé ìtura ni?" Ó ní òun kì í kó o, àwọn èèyàn wa kì í rà á, wọ́n ní ó jọ kòkòrò. Ó bá mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ẹja láti ọ̀nà Bìní. Nígbà tó dé, ó gbé e fún mi nínú ọ̀rá, ó le gbagidi, ó sì gbà mí nímọ̀ràn pé, "Ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa o, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Ẹ má jẹ nǹkan tútù."

Mo bọ díẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa nílé mi, láti fi dánra wò. Kí ni mo tún mọ̀? Gbogbo ẹran tí mo ti sè láyé mi, bíbọ̀ ni mo ń bọ̀ ọ́ ná, pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà, títí tí yóò fi rọ̀. Edé yìí kò rọ̀. Bí iná ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀ ló ń le sí i, ó ká kò, ó rún, ó wá dà bí rọ́bà ìdí pẹ́ńsùlù táwọn ọmọ máa ń jẹ ní kíláàsì. Mo jẹ ẹyọ kan, mo tu ú sọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo bú edé náà, mo bú àwọn ará Jàmáíkà, mo bú ẹ̀gbọ́n mi tó lọ kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ́ mi, ohùn rẹ̀ sì wà nínú fóònù mi. N kò tíì ṣí i láti ìgbà tó ti kú. Àwòrán rẹ̀ kékeré ṣì wà níwájú orúkọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo fi ìka lé e, mo gbé ìka kúrò. N kò lè dá gbọ́ ọ nínú ilé mi. Mo sọ fún ara mi pé ó di Ọ̀kà, níwájú iná, níbi tí ọwọ́ mi á ti dí.

Ní Sátidé, mo gbé edé tó kù sínú kúlà, mo fi lé itan nínú takisí. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé, Alhaji kẹrosíìnì kí mi kú ọyẹ́, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyàwó Ẹ̀pìnmì ń gbálẹ̀, ó kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú ẹrù, ó ní ẹ̀yìn ìyá ń dun wọ́n díẹ̀. Mo dá wọn lóhùn, mo wọlé. Etí mi kò gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó tì mí. Mo já ọsàn wẹ́wẹ́ lára igi tó wà lẹ́yìn ilé. Mo gún ata rodo àti ata ilẹ̀ àti áyù, mo gé àlùbọ́sà eléwé. Mo wá fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ fóònù bọ etí, mo fi irun bò ó, mo tẹ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

Ohùn náà wọ orí mi bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn mi gan-an. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí li o kì bọ etí?" Ìyá mi ló béèrè.

"Orin ni, Mà."

"Yọ ọ́. Jẹ́ kí èmi náà gbọ́ orin rẹ."

Mo wò ó. Kò bínú. Ó kàn na ọwọ́ sí fóònù, ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo ronú irọ́ tí n ó pa, kò sí irọ́ kankan nílẹ̀ mọ́, mo ti lò wọ́n tán. Mo fa nǹkan náà yọ, mo gbé fóònù sórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé, mo tún ohùn náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi onínúfùfù," ẹ̀gbọ́n mi wí, omi sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, "o ò ní sè é láéláé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́. La ẹ̀yìn rẹ̀, fa okùn dúdú yẹn jáde, èèpo ni kó o fi sílẹ̀, òun ló dùn. Èso kan wà níbí tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn, o ò lè rí i ní Ìkàrẹ́, lo kànáfùrù díẹ̀, òórùn wọn jọra. Táìmù pẹ̀lú. Fọwọ́ pa á wọlé, má bẹ̀rù ata. Bò ó, kí o lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Tó bá wá kan orí iná, má jẹ́ kó pẹ́ o! Ìwọ tó o máa ń se ẹran bí ẹní ń fìyà jẹ ẹ́. Kó ti pupa, kó ti ká kò báyìí, gbé e kúrò. Ti ìyá mi, dín ata rẹ̀ kù." Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, má dín in kù. Á ní mo sọ òun di arúgbó."

Ìyá mi mi orí. Ó ní, "Ó gbọ́n." Ó ní kí n tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀, mo sì la ẹ̀yìn edé bí ohùn náà ṣe wí. Ó fa abọ́ edé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ata pa wọ́n lára, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń fi òrí pa wá lára nínú ọyẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Mo ní ata á ta á lọ́wọ́. Ó ń pa á lọ.

A bò ó mọ́lẹ̀, a sì jókòó tì í bí ẹní ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Oòrùn kúrò lórí òkè. Nígbà tí mo da edé náà sínú epo gbígbóná, èéfín ata gba gbogbo àgbàlá, èmi húkọ́, ìyá mi húkọ́, wọ́n húkọ́ ní ilé kejì. Mo ṣọ́ àwọ̀ edé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí. Ó pupa, ó ká kò, mo gbé e kúrò. Mo bù ú sórí iṣu sísè, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá mi jẹun. Kì í ṣe ìtọ́wò, ó jẹun. Ó ń bó èèpo, ó ń fa orí edé mu, ó ń pòṣé nítorí ata, ó ń mu omi, ó ń padà sí i. Ó jẹ iṣu náà tán. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bàbá àgbà ló jàre, pé a lè máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ àti edé, títí ara rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Mo ti ń ṣírò ọjọ́ tí n ó tún ra òmíràn.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́. Ó fi etí ìró nu ún. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ugbà wo li ọmọ mi kú?"

Mo gbé abọ́ iṣu tí mo fẹ́ kó padà sílẹ̀.

"Ìyàwó Ẹ̀pìnmì li ó kọ́kọ́ dákẹ́," ó ní. "Ó kí mi kú àárọ̀ lọ́jọ́ kan, ó sáré kọjá. Mo ní bóyá ó gbàgbé. Alhaji náà dákẹ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n kí mi kú ara, wọ́n kí mi kú òjò, wọ́n kí mi kú ulé. Gbogbo Ọ̀kà kí mi kú ohun gbogbo. Kò sí ẹni tí ó kí mi kú ojú lọ́nà mọ́. Ùwọ náà, o éè kí mi bẹ́ẹ̀ mọ́."

Òtítọ́ ni. Àwọn àgbà ti pàṣẹ pé ká panu mọ́, gbogbo ìlú sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè wo abiyamọ lójú kó kí i kú ojú lọ́nà òkú. Kálukú yẹra fún gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, bí a kò tilẹ̀ jọ sọ ọ́.

Mo ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé ẹ mọ̀?"

"Ẹ̀yin li ẹ ní kí n má mọ̀. Mo bá yín má mọ̀ ọ́n." Ó wo abọ́ tó ṣófo. "Ó wí pé òun ó sè é kà mi. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ kí n tó sunkún. Bí mo bá sunkún ná, ta li ó jẹ́ kí n jẹ edé nínú ulé ọ̀fọ̀ ọmọ mi?"

Mo dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀ ni mo dì mọ́ ọn bí ọmọdé. Ó fi ọwọ́ tó ṣì ń rùn fún áyù gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Kí mi," ó ní. "Láti ugbà òjò ni mo ti jókòó, kò sí ẹni tí ó kí mi."

Mo kúnlẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, láàárín èèpo edé. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àfẹ́kù ọmọ."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó wá ṣí ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì figbe ta. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo orúkọ tó sọ ọ́, títí kan èyí tí èmi kò gbọ́ rí.

Ìró odó dáwọ́ dúró ní ilé kejì. Ìyàwó Ẹ̀pìnmì ló kọ́kọ́ wọlé, ata ń gbé e lọ́fun, kò bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà." Alhaji dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ fìlà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn yòókù, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kí i, ìyá mi sì dákẹ́ ẹkún láti dá kálukú wọn lóhùn.